Àìsàn Irọ́ tí Ọmọ Mi Ń Dúpẹ́ Lé Lórí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní báyìí, inú tó ń bí mi ti ju ìtìjú lọ.

Opó ni mí, Ìlọ́fà ni mò ń gbé. Bùnmi nìkan ni ọmọ tí mo bí. Láti kékeré ló ti máa ń tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, tí yóò tún un tò, tí rédíò náà yóò sì máa sọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n pè é fún ìdánwò kan ní Ìlọrin. Ọmọbìnrin tó bá yege, wọn yóò rán an lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá bá mi. Òun ni olórí ẹbí, ilẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń dáko.

Ó ní, "Ìyàwó, uṣẹ́ ọkùnrin nì yẹn. Bó bá lọ, kò ní gbé ulé ọkọ. Dùbúlẹ̀, kí o ní ara rẹ ò yá. Kò ní fi ẹ́ sílẹ̀ lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Èmi náà sì ń fẹ́ ọmọ-ọmọ.

Mo dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ẹní fún aláìsàn. Ọmọ mi ń fi omi àdúrà wẹ̀ mí. Ó ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kọjá, mo dìde. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà.

Bùnmi kò jáwọ́. Ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ó ń gba iṣẹ́ oko ṣe ní Ìdọ̀fin, ó ń ṣe ìdánwò títí yunifásítì fi gbà á. Ojú rẹ̀ rí màbo níbẹ̀. Olùkọ́ kan bi í bóyá ó ṣìnà wọ kíláàsì ni. Lónìí, ẹnjiníà ni, iná oòrùn ló ń ṣe fún àwọn ìlú. Ó lọ́kọ, ó bímọ.

Gbogbo ìdúpẹ́ ìkórè ló máa ń wá jó lọ síwájú pẹpẹ. Yóò ní, "Ìdánwò lè dúró, ìyá mi ò lè dúró. Ọlọ́run dá a sí!" Èmi náà á máa jó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ojú mi!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún dé. Wọ́n ti pe Tèmítọ́pẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí Bùnmi ń kọ́ níṣẹ́, fún irú ìdánwò kan náà. Ó ní òun fẹ́ dùbúlẹ̀, kí n bá òun jẹ́rìí pé àìsàn náà le.

Ó tún ń rẹ́rìn-ín: "Ṣebí ó ṣiṣẹ́ ní tìrẹ."

Èwo ló ṣiṣẹ́? Mo lé e jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí mo bá la ẹnu, òun yóò sọ tèmi fún Bùnmi. Ó ti dùbúlẹ̀ sí ilé àdúrà báyìí, Tèmítọ́pẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Kò ní í rí i sọ, èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Bùnmi. Kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín, màá ti lọ sí ilé àdúrà, màá ti sọ fún Tèmítọ́pẹ́ pé kó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní yẹn, kó gba Ìlọrin lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ wọn, kí wọ́n gbà á.

Ti Bùnmi ló kù. Ìkórè ti dé tán, ó ti ń ra aṣọ tí a ó fi jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, báwo ni ìyá ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ pé òun kò ṣàìsàn rí?