Mo Ba Mufutau Lórúkọ Jẹ́ Nítorí Géèmù Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú ikùn mi. N kò sọ ọ́ fún wòlíì, n kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àbúrò mi fẹ́ dìde nínú ìjọ, kó jẹ́rìí pé èmi ni Ọlọ́run lò láti gba òun lọ́wọ́ ọkùnrin burúkú kan. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni burúkú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n pe àbúrò mi ní Yétúndé, kí n pe ọkùnrin náà ní Mufutau. Kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Òkè-Odò ni èmi àti Yétúndé ń gbé lọ́dọ̀ bàbá wa. Ìyá wa ti kú. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé kan ní ìhà Ìgándò. Mo ti pé ogójì ọdún, n kò sì tíì lọ́kọ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń gbé ìrònú kúrò lọ́kàn mi ni géèmù orí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín jàre, kò burú. Mo máa ń gbá géèmù tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré. Mo tún máa ń gbá ọ̀kan tí a ti ń yìnbọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, èmi àti àwọn mẹ́ta tí n kò fojú rí rí, tí a kàn máa ń pàdé lórí ayélujára. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe orúkọ fún ara mi níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti darúgbó. Tí mo bá tàn án, mo lè lọ wẹ̀ kí n tó padà wá bá a níbi tó ti ń gbìyànjú láti ṣí.

Mufutau ni àfẹ́sọ́nà Yétúndé nígbà náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí, ó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò Command. Àgbà ìjọ aláṣọ funfun ni bàbá wa, kò kọ́kọ́ fẹ́ ọ̀rọ̀ Mufutau, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mufutau á wá lọ́jọ́ Sátidé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á bá Dádì tún ilẹ̀kùn tí kò pa dé dáadáa ṣe.

Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń gbá kọ̀ǹpútà náà ní ìdí bí ẹni ń jí ẹni tó sùn.

Ó ní, “Àǹtí mi, kò tíì kú o. Ẹrù orí ẹ̀ ló wúwo jù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi Linux sí i. Òun ni mo fi ń gbá géèmù tèmi.”

Mo bi í pé kí ni Linux. Ó ní gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó ń darí rẹ̀ látinú, pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Linux, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ lára. Mo ní èló ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín?”

Ibẹ̀ ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó pé ẹni tí kò gbowó, nǹkan mìíràn ló fẹ́ gbà.

Ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó ṣí ojú dúdú kan, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i, àwọn lẹ́tà funfun sì ń sáré lọ sókè bí ìjàlọ. Irú ẹ̀ ni mo máa ń rí nínú fíìmù tí wọ́n bá fẹ́ fi olè orí ayélujára hàn. Mo bi ara mi pé níbo ni ẹni tó ń gé alumíníọ̀mù ti kọ́ èyí. Nígbà tó kàn mí láti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi, ó yí ojú sí ògiri. Ẹlòmíì á ní ọmọlúàbí ni. Èmi rò ó pé ẹni tó lè gbójú kúrò bẹ́ẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, kọ̀ǹpútà náà jí. Géèmù mọ́tò tó máa ń dúró tán kó tó rìn wá ń sáré geere. Mo gbádùn rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Síbẹ̀ mo fi tépù lẹ ojú kámẹ́rà. Tí ariwo fáànù inú rẹ̀ bá yí padà díẹ̀, mo máa ń rò pé Mufutau ló ń wò mí láti Command. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tó yá, mo ṣí géèmù ìbọn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì kọ̀. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan jáde síbẹ̀ pé wọ́n rí ohun tí kò tọ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, pé wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa, wọ́n sì ń fura pé mo ń ṣe màgòmágó. Èmi tí n kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí níbẹ̀. N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní Mufutau ti fi nǹkan sínú kọ̀ǹpútà mi, ó ti fi orúkọ mi ṣe jìbìtì.

Mo lọ bá Dádì ní pálọ̀. Mo ní, “Dádì, ọmọ yẹn, ọmọ yahúù ni. Mo ti rí ẹ̀rí.”

Dádì bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó dá ẹ lójú? Ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yẹn o.”

Mo ní ó dá mi lójú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mufutau. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, Yétúndé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde, mo fi ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ hàn án. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Géèmù yìí ni kò gba Linux mọ́. Kò sí jìbìtì kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn yín.”

Ó ṣí ojú dúdú yẹn. Bí àwọn lẹ́tà funfun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sáré, Dádì dìde. Ó ní, “Pa á dé. Mo ní kí o pa á dé. Ohun tí ẹ fi ń gba owó àwọn opó nìyẹn, o wá ń ṣí i nínú ilé mi.”

Yétúndé kò sunkún. Ó yíjú sí mi. “Àǹtí, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ?”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n.”

Mufutau dọ̀bálẹ̀ fún Dádì, ó kí mi, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà kò tún wá mọ́. Dádì ní kí Yétúndé má gbé ìpè rẹ̀, Yétúndé kò sì gbé e.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, mo ń wá bí mo ṣe máa gba àkáǹtì mi padà, ni mo bá já sí ibi tí àwọn tó ń gbá géèmù lórí Linux ti máa ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo rí ni gbogbo wọn rí, lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó ni géèmù ti fi ẹ̀ṣọ́ tuntun sínú rẹ̀ láti máa mú àwọn tó ń ṣe màgòmágó. Ẹ̀ṣọ́ náà kò mọ Linux, ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà ibẹ̀ wọlé, olè ló kà á sí. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ṣí àkáǹtì wa padà, wọ́n ní kí á má bínú, ṣùgbọ́n kí á má gba ọ̀nà Linux wá mọ́. Ohun tí Mufutau sọ gẹ́lẹ́.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Yétúndé wà ní ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà, ojú rẹ̀ wú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo wá ní, “Ṣé ata wà nílé?” Ó ní ó wà. Mo padà sí yàrá.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìtìjú ló pa mí lẹ́nu mọ́, torí Dádì ti sọ ọ́ fún àwọn àgbà ìjọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Tí Yétúndé bá lọ ilé ọkọ, èmi àti Dádì nìkan ló kù, gbogbo àdúgbò á sì máa ka ọjọ́ orí mi. Nígbà tí Mufutau jáde lọ́jọ́ yẹn, ara tù mí díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi.

Ohun tó tún burú ni pé n kò yọ Linux náà kúrò. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Lónìí mo máa ń gba àwọn ẹlòmíì níyànjú lórí rẹ̀ lórí ayélujára. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ní kò ṣeé gbá géèmù, kò tíì dán an wò ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní gbogbo géèmù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irọ́ ló ń pa. Èyí tí ènìyàn ń dá gbá máa ń lọ dáadáa. Èyí tó bá ní ẹ̀ṣọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè kí wọ́n tó fi ọkàn sí i. Wọ́n máa ń bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo máa ń ní mo dá kọ́ ọ ni.

Yétúndé kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ láti Ìbàdàn, Yétúndé ń gba fóònù rẹ̀ yẹ̀ wò títí ọkùnrin náà fi sá lọ. Ó tó ọdún mẹ́ta kó tó gba ẹni tó ń fẹ́ báyìí. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìdí tó fi fẹ́ jẹ́rìí nìyẹn.

Ó ní, “Màá dárúkọ Mufutau, màá sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, kí àwọn ọmọbìnrin mìíràn lè sá fún un. Ẹ̀yin náà ẹ ó dúró tì mí, Àǹtí.”

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ló ń kọ́lé. Command ni wọ́n ti ń ṣe fèrèsé wọn.

Oṣù tó kọjá ni mo pàdé Mufutau lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Dádì ńkọ́?” Ó wá ní, “Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?”

Mo ní, “Ó ti bàjẹ́.” Òun gan-an sì ni mo gbé sínú báàgì èjìká mi.

Ó ní, “Háà. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, màá bá yín wò ó.”

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rò bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá? Mo rò ó pé kí ló dé tí kò bínú, kí ló ń gbèrò sí mi. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí.

Lánàá mo gbìyànjú. Mo ní kí Yétúndé ṣá jẹ́rìí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbé aṣọ àdúrà tó ń lọ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Kí ló dé, Àǹtí? Kí lẹ ń fi pamọ́ fún mi?”

Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n láti àná ló ti ń ṣọ́ mi. Tí mo bá gbé fóònù, á wo ọwọ́ mi. Tí mo bá wọ yàrá, á wá àwáwí kan láti tẹ̀ lé mi wọlé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Tí mo bá sọ ọ́ fún Yétúndé, ẹ̀rù ń bà mí pé ìgbéyàwó tó ń bọ̀ yìí lè tú ká, àti pé kò ní pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Tí mo bá lọ sọ ọ́ fún Mufutau nìkan, mo tún ti fi pamọ́ nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á fi ẹnu mi ba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan jẹ́. Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run á dárí jì mí, mo mọ ìyẹn. Ẹ bá mi wá gbólóhùn tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà àbúrò mi lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, n kò sì rí i.