Mo Mọ Ohun Tí Ọmọ Mi Mu, Mo Sì Dákẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi, mi ò sì ní sá fún un. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni mo ń wá, torí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ mi ti sún mọ́lé, ẹnì kan sì wà tí wọn ò ní jẹ́ kó débẹ̀ nítorí mi.

Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Olùkọ́ ni mí, mo sì wà lára àwọn àgbà obìnrin ìjọ wa. Bí tọkọtaya bá ń jà nínú ìjọ, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí kí n wá bá wọn parí ẹ̀. Ẹ wá wo èmi tí mò ń tún ilé onílé ṣe! Èmi náà ni mo jẹ́ kí wọ́n sọ obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí di àjẹ́. Mi ò fẹnu ara mi pè é bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pè é ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni obìnrin náà. Màmá Ìlódè ni gbogbo wa ń pè é, torí pé Ìlódè ni ilé rẹ̀ wà. Ẹ̀kọ ló ń tà. Kò bímọ. Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Dèjì, abúlé kan tó jìnnà ni ìjọba gbé mi lọ láti máa kọ́ni, Màmá Ìlódè ló sì bá mi tọ́ ọmọ náà títí tó fi wọ iléèwé.

Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Bí ààrá bá sán, bí ajá bá gbó mọ́ ọn, kì í pe mọ́mì. "Màmá Ìlódè o!" ló máa ń ké. Kódà nígbà tó ti padà sọ́dọ̀ mi, tí ìyá yẹn ò sí nítòsí, òun náà ló máa ń pè bí ẹ̀rù bá bà á. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín lójú àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n mo jowú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn náà.

Nígbà tí Dèjì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba yàrá sí Mayfair. Bí ó ṣe di pé kì í wálé dáadáa mọ́ nìyẹn. Ní Sátidé kan tó wálé, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, ọwọ́ mi kan nǹkan nínú àpò ṣòkòtò. Èso gbígbẹ kan ni, ẹ̀gún wà lára rẹ̀ yí ká, wóró kéékèèké sì ń jáde nínú rẹ̀. Gegemu ni. Ọmọ oko ni mí, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn òbí wa ò jẹ́ ká ṣeré dé ìdí igi rẹ̀, wọ́n ní ó máa ń sọ èèyàn di wèrè.

Mo bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Àwọn bọ̀ìsì máa ń fi sínú ọtí ni, ó kàn máa ń jẹ́ kí orí èèyàn fúyẹ́." Mo pariwo, mo sunkún, ó ṣèlérí pé òun ò ní dán an wò mọ́. Mo da èso náà sí ṣáláńgá. Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá Dèjì gbóná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ojú ń tì mí. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ tíṣà, ọmọ àgbà ìjọ, ń mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e wálé lọ́sàn-án kan. Wọ́n gbé e sẹ́nu géètì, wọ́n fẹ́ sá. Mo di ọ̀kan mú láṣọ. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, gegemu ni. Ó mu ún jù." Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sá lọ.

Ara Dèjì gbóná kọjá sísọ. Ẹnu rẹ̀ gbẹ débi pé kò lè gbé itọ́ mì. Dúdú inú ojú rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ojú náà mọ́, oòrùn sì ń ta á, ó ń fi apá bojú. Ó ń já nǹkan tí a ò rí nínú afẹ́fẹ́, ó ń kó o sápò. Ó ń bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń dá wọn lóhùn, ó ń bú sẹ́rìn-ín. Mo dì í mú, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ káàsán ma. Ta lẹ ń wá?"

Ọmọ tí mo fi inú mi bí ni o. Ó ń kí mi bí àlejò.

A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé gan-an, tan iná sí i lójú, ó gbọ́ àyà rẹ̀ tó ń lù kìkìkì, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, "Ma, kí ló mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, mi ò ní dá a lẹ́jọ́. Tí mo bá mọ̀ ọ́n, á jẹ́ kí n mọ ohun tí mo lè fún un àtohun tí mi ò gbọdọ̀ fún un." Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Kò mu nǹkan kan. Ọmọ mi kì í mu nǹkan." Dókítà náà tún bi mí. Mo tún purọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí ti pé. Àbúrò ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó, pé iṣẹ́ ayé ni. Gbogbo wọn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ọkàn mi ṣe burú tó: ara tù mí nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ayé, wọ́n á máa ṣàánú wa. Bó bá jẹ́ gegemu, wọ́n á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà bẹ̀ wá títí, a ò gbọ́. A gbé ọmọ náà kúrò, ó di ilé àdúrà kan lọ́nà Òkè-Ogbo.

Wọ́n tò yí i ká. Dèjì ń wo ògiri, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ pé àwọn ajá ń jáde níbẹ̀. Wòlíì dúró tì í lórí, ó ní, "Ta lò ń rí? Dárúkọ ẹni tó dè ọ́!" Dèjì ká ara rẹ̀ jọ sílẹ̀, ó fi gbogbo ohùn ké, "Màmá Ìlódè! Màmá Ìlódè o!"

Gbogbo ilé pariwo Jésù. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Àbúrò rẹ̀ ní òun ti ń fura tipẹ́, pé obìnrin tí kò bímọ, kí ló fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?

Èmi nìkan ló mọ ohun tí ọmọ náà ń wí. Ajá ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń pe ìyá tó tọ́ ọ pé kó wá gba òun.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ọlọ́run rí mi, mo là á. Wòlíì yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ gbọ́ orúkọ tó dá?" Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, sà." Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ní kó gbààwẹ̀, kò gbọdọ̀ fomi kan ẹnu. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó! Ó dákú mọ́ wa lọ́wọ́. Mo máa ń rẹ ankaṣíìfù sínú omi, kí n fi pa á létè bí wọ́n bá ti kọ̀yìn. Nígbà tó yá, oró náà kúrò lára rẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó dá mi mọ̀. Wọ́n ní ìdè ti já. A ṣe ìdúpẹ́. Mo jó lọ́jọ́ náà, èmi ọ̀dájú.

Màmá Ìlódè ò tíì gbọ́ nǹkan kan nígbà tó gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ wá fún ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó dà á sí gọ́tà, ó ní kó má dé ojúlé òun mọ́ láé. Ìyá náà gbójú sókè, ó rí mi lójú fèrèsé. Mo fa kọ́tìnnì.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìlódè kíá. Wọn ò ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn kúrò lọ́nà tó bá ń kọjá. Níkẹyìn, ó da ìkòkò ẹ̀kọ dé.

Nítorí pé a ti rí àjẹ́ mú, kò sẹ́ni tó bi Dèjì ní ohun tó mu. Ó padà sí Mayfair, ó tún mu ún. Lọ́tẹ̀ yìí, òkè ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ní ó dìde, ó ní òun rí títì níwájú òun, ó sì rìn lọ tààrà. Kò sí títì níbẹ̀. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ rún. Ó ń tiro títí di òní. Ọdún tó yẹ kó fi kàwé bá a lọ. Fún ìgbà pípẹ́, kò lè ka ojú ìwé kan tán kí ọkàn rẹ̀ má fò lọ, ìgbà mìíràn á sì máa ti ìlẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan pé wọ́n ń bọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn náà, Màmá Ìlódè ni wọ́n dì í rù.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà, ọmọ náà yí padà. Kò mu nǹkan kan mọ́. Mo rò pé àdúrà mi ni. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ríṣẹ́, ó ti wá mú ọmọbìnrin dáadáa kan wálé, ọmọ Ẹdẹ. Nígbà tí a jókòó láti sọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọkọ mi ní Màmá Ìlódè ò gbọdọ̀ gbọ́ ọjọ́ rẹ̀. Dèjì dìde, ó tiro jáde. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mi ò lè gbé e mọ́.

Mo lọ sí Ìlódè. Mo bá ìyá lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù kan egungun. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: èso inú àpò, irọ́ tí mo pa fún dókítà, ohun tí Dèjì ń ké nílé àdúrà. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, "Ìyàwó, mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ kí ni, Màmá?"

Ó ní, "Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Igi ló fi ń tilẹ̀ wọ ulé mi nígbà náà. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi tí o kúnlẹ̀ sí yìí, ẹkún ò jẹ́ kó dìde." Ó ní òun lòun ń mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn tó ń mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òun á jókòó síta dè é títí wọ́n á fi bá a sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ti lé ìyá náà kúrò láàárín ẹbí nígbà yẹn o.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò fọ ara yín mọ́?

Ó ní, "Kí n wá sọ pé kí ni? Pé ọmọ mi ń mu gegemu? Ta ni yóò fún un níyàwó? Èmi ti dàgbà, kí wọ́n máa pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n. Èmi ni mo ní kó má sọ ọ́. Ìwọ náà, má sọ ọ́ o. Bí o bá sọ ọ́, o ti fi gbogbo ìyà tí mo jẹ ṣòfò."

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá ń rí ohun tí ẹ ò rí, ẹ sọ ohun tó mu fún dókítà. Kí ojú tì yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Ní tèmi, orí mi ti dàrú. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn ará Ẹdẹ lè mú ọmọ wọn kúrò, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ìbànújẹ́ má dá Dèjì padà sídìí nǹkan náà. Ọmọbìnrin yẹn náà, ṣé kò yẹ kó mọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ni? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, Màmá Ìlódè máa kú sórí ẹní yẹn, kò sì sẹ́nì kan nínú ẹbí tó máa fẹ́ sin ín. Kò jẹun dáadáa mọ́. Mo rò pé kò ní pẹ́.

Nígbà tí mo dìde pé mo ń lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó bi mí ní irú aṣọ tí Dèjì máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n sọ àwọ̀ rẹ̀ fún òun dáadáa, pé níbi tí òun bá dùbúlẹ̀ sí, òun á lè máa fojú inú wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?