Ọkọ̀ Tí Mo Ní Kò Sí Àìsàn Nínú Rẹ̀

Ẹ dákun, ẹ fà sún mọ́ mi. Ohùn mi ò ròkè mọ́, mi ò sì ní lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún mi, bóyá mẹ́rin. Ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì ni mo ti fi ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ ahọ́n, lónìí ni màá tu ú jáde. Ẹ má rò pé mo ti di ẹni rere lójijì. Ó rẹ̀ mí ni. Irọ́ ń rẹ èèyàn ju iṣẹ́ ọkọ̀ lọ, torí ọkọ̀ a máa gúnlẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Murdo Gillanders tó ń mú ọkọ̀ wọ èbúté Kilbrae yìí fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọkọ̀ ńlá tó bá ti òkèèrè dé, èmi ni mo máa ń lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu òkun, màá gun òkè rẹ̀, màá fọ̀nà hàn án láàárín àpáta títí yóò fi wọlé. Ẹ fún mi ní aago fàdákà lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Ó wà lórí tábìlì yẹn, ẹ bá mi dá a padà fún àwọn ará ìlú. Pásítọ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n gbé àga Teoti sún mọ́ mi, torí òun gan-an ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ogún ọdún ni Teoti fi bá mi tu ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ìgbì dojú ọkọ̀ wa dé, irun orí mi ló fi fà mí jáde nínú omi. Teoti, jókòó, fetí sílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà á rántí bí nǹkan ṣe rí lọ́dún náà. Ìjọba ìgbèríko wa ti wọ gbèsè dé ọrùn. Wọ́n yáwó ṣe ojú irin kí ilẹ̀ lè níye lórí, wọ́n ní àwọn á ta ilẹ̀ kí àwọn lè san owó ojú irin. Ojú irin rìn dé inú ẹrẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Afárá èbúté tí wọ́n ń kọ́ dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Báńkì ní òun ò fún wọn ní kọ́bọ̀ mọ́. Lọ́sàn-án gangan ni akódà kóòtù wọ ọ́fíìsì ìjọba, ó lẹ bébà ìgbẹ́sẹ̀lé mọ́ tábìlì, mọ́ aago ara ògiri, ó sì gbé àga kúrò lábẹ́ ìdí Ọ̀gbẹ́ni Haddow, olórí ìgbèríko. Ọkùnrin náà wá ń jókòó sórí àpótí ọṣẹ. Àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé a máa kígbe sí i pé, “Ọ̀gá, ẹ rọra jókòó o, ọṣẹ ń yọ̀!” A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ò sí níkùn wa. Ọlọ́pàá ò gbowó, tíṣà ò gbowó. Dókítà èbúté, tó yẹ kó máa yẹ àwọn èrò ọkọ̀ wò, fara dà á fún oṣù mẹ́fà, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà lọ. Bí wọ́n ṣe gbé ìwé tó fi ń kọ ìlera àwọn èrò sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Wọ́n ní, “Murdo, ìwọ ṣáà ń gun òkè ọkọ̀. Kò le. Ta ló ń ṣàìsàn? Ta ló kú lójú ọ̀nà? Irú àìsàn wo ni? Tí ìdáhùn ò bá dáa, kí gbogbo wọn lọ lo ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí erékùṣù ẹnu èbúté kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa.”

Wọn ò fowó kún owó mi. Kí ni wọ́n fẹ́ fi kún? Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n jẹ mí. Effie ìyàwó mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, àpò ìyẹ̀fun ló ń rán ṣe aṣọ fáwọn ọmọ. Teoti a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Olówó ọ̀la! Owó ọ̀la ńkọ́?” Èmi náà á ní, “Ó ń bọ̀ lọ́la.” Tí a bá ti rẹ́rìn-ín tán, á gbé apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ọ̀dùnkún àti ẹja tí Irihapeti aya rẹ̀ kó ránṣẹ́ láti Te Karoro, abúlé àwọn èèyàn wọn tó ti wà níbí kí àwa tó dé, ní òdìkejì omi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oúnjẹ wọn ló wà níkùn mi lọ́jọ́ tí mo ṣe ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Haddow ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rù. Ó ní, “Murdo, ọkọ̀ Strathlorne á dé lọ́sẹ̀ yìí. Èrò inú rẹ̀ lé ní igba.” Mo ní, “Mo gbọ́, Ọ̀gá.” Ó ní, “Ọkùnrin méjì wà nínú wọn tó mú owó lọ́wọ́, ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà. Bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, mo lè dá báńkì lóhùn. Bí wọn ò bá sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló kàn tí akódà máa kó.” Mo ní, “Bí àìsàn bá wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?” Ó ní, “Igba èèyàn lórí erékùṣù, ta ló máa bọ́ wọn? Oníbúrẹ́dì ti búra pé ìjọba ò ní jẹ àwìn òun mọ́. Mi ò ní kó o purọ́ o, Murdo. Mo kàn ń sọ fún ẹ pé tówó bá wọlé, tìẹ ni màá kọ́kọ́ san.” Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Ó ti kú, ìtìjú ló sì pa á. Ẹnu tirẹ̀ kọ́ ni irọ́ náà ti jáde.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ náà dé, òwúrọ̀ tó mọ́ rekete. Mo gun òkè. Kò sẹ́ni tó ń pariwo, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, torí àwọn èrò tó rí ilẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kì í dákẹ́. Dókítà ọkọ̀ wá bá mi, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún, tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Ó ní, “Èèyi ni, bàbá. Ọmọ méje la ti sin sókun. Mẹ́ta ṣì wà lórí ibùsùn, òmíràn sì ń húkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wa lọ sí erékùṣù yín.” Mo ní, “Erékùṣù ò ṣí.” Ó ní, “Erékùṣù tún ń tì?” Mo ní, “Kò sóúnjẹ níbẹ̀.” Ó wò mí títí, àárẹ̀ ò jẹ́ kó lè bínú. Ó ní, “Ẹ kọ ohun tó bá wù yín. Èmi ti wí tèmi.” Mo bá ṣí ìwé náà lórí àgbá kan, mo kọ ọ́ pé: *Kò sí àìsàn.* Mo kọ ọ́ dáadáa, lẹ́tà gbọọrọ-gbọọrọ, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

Nígbà náà ni Teoti pè mí láti inú ọkọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Kò bú sẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn bàbá rẹ̀ ti rí ohun tí ọkọ̀ òkèèrè lè gbé wá, abúlé méjì ló ti ṣófo ní etíkun yìí kí a tó bí i. Ó ní, “Murdo, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà lókè níbẹ̀?” Mo ní, “Àlàáfíà ni.” Ó ní, “Ṣé kò séwu?” Mo ní, “Kò séwu rárá, ọ̀rẹ́ mi.” Ọ̀rẹ́ mi, mo tún fi ọ̀rẹ́ mi kún un.

Omi ti fà lọ́sàn-án, afárá ò sì dé ibi tó yẹ kó dé, ẹrẹ̀ ni àwọn èrò ní láti gbà kọjá. Teoti ń gbé àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rí i tó gbé ọmọbìnrin kan sí èjìká, ọmọ bí ọdún mẹ́rin. Ojú ọmọ náà pọ́n bí ẹyin iná, ó ń húkọ́ sí i lọ́rùn, òun sì ń kọrin fún un kó má sunkún. Mi ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wọn. “Teoti, sọ ọmọ yẹn kalẹ̀.” Gbólóhùn kan tó yẹ kí n sọ nìyẹn, mi ò sọ ọ́. Mo kọjú sókun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Haddow san pọ́n-ùn mọ́kànlá fún mi. Mo ra páànù òrùlé, mo ra ìyẹ̀fun, mo ra bàtà fáwọn ọmọ mi. Effie sunkún ayọ̀, ó ní Ọlọ́run ò gbàgbé wa.

Ọjọ́ kejìlá ni àìsàn kọ́kọ́ dá Kararaina ọmọ Teoti dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tame tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù kan, èèyàn mọ́kàndínlógún ló kú ní Te Karoro, mẹ́jọ kú níhìn-ín. Mo sọdá lọ bá wọn gbẹ́ sàréè, kí ni kí n ṣe? Mo gbẹ́ ti Kararaina, mo gbẹ́ ti Tame. Ilẹ̀ náà rọ̀, kò tiẹ̀ fún mi ní wàhálà. Nígbà tí a ṣe tán, Teoti fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú, ó fi iwájú orí rẹ̀ kan tèmi, ó ní, “O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Ọlọ́run á san án fún ẹ.”

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ẹ fún mi lómi.

Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ibo ni àìsàn yìí gbà wọlé. Wọ́n pe ìwádìí sí ilé ẹjọ́, gbogbo wa dúró torí wọ́n ti kó àga lọ. Ẹni kan ló lẹ́nu láti sọ òótọ́. Bridget Tuohy ni, opó ará Ireland kan tó ń fọṣọ nínú ahéré lẹ́bàá odò, tòun tọmọbìnrin rẹ̀ kan. Òun ni wọ́n gbé aṣọ inú ọkọ̀ náà fún. Ó ní, “Mo fọ aṣọ ibùsùn wọn. Ìyá ọmọ kan sọ fún mi pé àbúrò ọmọ òun wà nísàlẹ̀ òkun. Ẹ bi Murdo. Òun ló gun òkè.” Gbogbo ojú yí sí mi. Teoti náà yíjú sí mi. Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo ní, “Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.” Ká ní mo dúró níbẹ̀, màá jẹ́ òpùrọ́ lásán. Kò sẹ́ni tó bi mí síwájú sí i. Àmọ́ mo rí i pé Teoti ṣì ń wò mí, ẹ̀rù bà mí, mo tún fi kún un pé, “Ẹ̀yin tiẹ̀ ẹ lọ wo ahéré ìyá yẹn. Ẹ lọ wo ibi tó ń da omi ìdọ̀tí sí, bóyá ẹ ò ní wá àìsàn lọ sókun mọ́.”

Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ti dé odò. Àwọn tó ti sin ọmọ ló ṣíwájú. Wọ́n wó ahéré náà, wọ́n ju ìkòkò rẹ̀ àti irin ìlọṣọ rẹ̀ sínú omi, wọ́n ní tí ilẹ̀ bá mọ́ bá a nílùú, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí kó fara mọ́ ọn. Ó gba iwájú ilé mi kọjá, ẹrù lórí, ọmọ lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí èpè. Kò ṣépè. Ó wo ọmọ mi tó ń ṣeré nínú ọgbà, ó ní, “Murdo, bàtà tuntun lọ́mọ ẹ wọ̀.” Ó kọjá.

Ọdún kẹfà rèé tí mo rí i. Mo lọ sí ìlú kan ní àríwá, mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé àlejò tí mo dé sí, ó ń lọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó ti hu ewú. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, mo ní, “Bridget, dárí jì mí.” Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní, “Ìdọ̀tí àwọn èèyàn ni mo ti ń fọ̀ látìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Tìẹ yìí, fọ̀ ọ́ fúnra ẹ.” Mo ní, “Báwo ni kí n ṣe é?” Ó ní, “Ibi tó o ti sọ ọ́ ni kó o lọ sọ ọ́. Dìde, o ń dí mi lọ́wọ́.” Mo padà sílé pé màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́fà. Mo ní kí àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ ṣègbéyàwó. Mo ní kí n kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ojú Teoti ló ń bà mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ gbọ́ o. Ìgbèríko yẹn ò sí mọ́, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n pa gbèsè rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀. Ìjọba á wọ gbèsè, á jáde. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ kì í bá ìjọba jáde. Bí ọ̀gá yín bá ní òun ò ní kẹ́ ẹ purọ́, ẹ yáa sá. Ebi ń pa àwọn ọmọ mi lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ́ wọn ni mo pa.

Pásítọ̀, ẹ kọ ọ́ pé Bridget Tuohy ò mú àìsàn kankan wọ ìlú yìí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kà á nílé ẹjọ́, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Èmi á buwọ́ lù ú kí ọwọ́ mi tó kú.

Teoti. Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́. Mò ń bẹ̀ ọ́ náà. Kararaina, Tame, ìyá tó bí Irihapeti, gbogbo àwọn yòókù, èmi ni. Lọ́jọ́ tó o fi iwájú orí kan tèmi, ó yẹ kí n...

Ẹ jẹ́ kó dìde. Ẹ má dì í lápá mú, ẹ̀yin ọmọ yìí, kò jẹ mí ní ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ bá a mú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.