Kásẹ́ẹ̀tì Arò Lemonia

Ìyá mi Evanthia, ẹ jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì yẹn máa lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí ẹ ti ń gbọ́ ọ níbi ìrántí Lemonia ọmọ yín, tí ẹ ń bu àlìkámà sísè tí a fi ń ṣèrántí òkú fún mi, tí ẹ ń súre fún mi, èmi ni mo sì máa ń sáré pa á bí orin bá ti parí. Lónìí, mi ò ní í pa á. Dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, ó tó àkókò kí n sọ òótọ́.

Ẹ mọ̀ pé yàrá kan náà lèmi àti ọmọ yín ń gbé ní Tẹsalóníkà, tá a jọ ń kọ́ èdè àti àṣà àwa Gíríìkì ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní kí kálukú lọ gba ohùn orin arò sílẹ̀. Lemonia gba mẹ́ta, èmi ò rí ẹyọ kan. Mo jowú, kí n má purọ́. Ni mo bá lọ bá Ìyá àgbà Garoufalia, akọrin arò kan ní agbègbè Mani, níbi tó ti ń ṣa ólífì lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Ta ló ń kọ arò lásán? Ta ló kú?"

Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni.

"Orúkọ ńkọ́?"

"Lemonia, ọmọ Evanthia." Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ṣebí mo lè dá orúkọ mìíràn sọ, ìkà ọmọ ni mí!

Mo tan ẹ̀rọ ìgbohùn mi; ó tú ìborí dúdú rẹ̀, ó dijú. Ó kọrin nípa bàtà ẹyọ kan lórí àpáta, àti irun tí òkun ń yà. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ òtútù mú mi. Nígbà tó parí, ẹ̀rọ ṣì ń gbohùn, ó wò mí sùn-ùn, ó sọ gbólóhùn kan. Máàkì tí mo fẹ́ gbà ni mò ń rò, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Lemonia yọ̀ ṣubú sínú òkun. Bàtà ẹyọ kan ni wọ́n gbé wá fún yín.

Níbi ìsìnkú, ẹ dì mọ́ mi: "Stamatia, ìwọ tó ń kọ́ àṣà wa, ṣé o ò ní arò kankan fún ọmọ mi ni?" Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì fún yín. Mo ní nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ ìròyìn ló kọ ọ́. Ọjọ́ irọ́ yẹn náà ni mo kọ sínú ìwé àṣekágbá mi pé mo gba orin náà sílẹ̀. Ẹ tiẹ̀ fẹnu kò mí lọ́wọ́ láti dúpẹ́!

Mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Orin ti ń parí lọ. Ohùn ìyá àgbà tí ẹ máa gbọ́ báyìí, èmi ló ń bá sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, ẹni yìí ò tíì kú. Sáré lọ bá a."