Wákàtí Kan Àbọ̀ sí Kánò

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi lórí ẹní yìí." Báyìí ni mo wí fáwọn ọmọ-ọmọ mi lánàá. Ìwọ náà tó ò ń kà á, wá jókòó, kó o gbọ́ ohun tí mo sọ fún wọn. Inú mi dùn o, ilé kún: Síkírá ọmọ mi ló kó wọn wá láti Àbújá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi jẹ tá a fi mu. Àfi bó ṣe la ẹnu, tó ní, "Màmá, ẹ má ronú. Àbújá ò jìnnà, wákàtí kan péré ni bàálù." Háà! Èmi náà ti sọ irú ẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí dòní.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Agége ni mò ń gbé, mò ń di bisikíìtì sínú páálí níléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ìyá mi wà ní Kánò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ta aṣọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ibo la ò sí? Téèyàn bá wọ mọ́tò lọ sí Kánò, ilẹ̀ á ṣú, á tún mọ́, ìdí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n mo ti wọ bàálù lọ lẹ́ẹ̀kan: mi ò tíì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fún mi tán tá a fi balẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀! Láti ọjọ́ yẹn ni Kánò ti di ẹ̀yìnkùlé lójú mi.

Nígbà tí àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀, wọ́n ní èmi nìkan lọ́mọbìnrin àwọn, ọwọ́ mi làwọn fẹ́ kó wẹ àwọn báwọn bá lọ. Wọ́n ti di ọṣẹ àti òwú sínú gèlè kan, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè, mo ń dáhùn pé mò ń bọ̀, bí iṣẹ́ ọdún bá ti parí, bí ọ̀gá bá ti dé, ṣebí wákàtí kan àbọ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé mọ́tò nìkan ló wà, ṣé mi ò ní ti tètè gbéra?

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni wọ́n jáde láyé. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi òkú mùsùlùmí falẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀ la máa ń sin ín. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n dúró dè mí. Mo dé pápá bàálù, wọ́n ní eruku ọyẹ́ ti bo Kánò, bàálù ò lè ríran balẹ̀. Mo jókòó títí a fi kírun Àìlà, títí a fi kírun Àlàásárì. Ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Ìyá Síkírá, oòrùn ń lọ. Àwọn ààfáà ń wojú mi. Wákàtí kan àbọ̀ tìẹ yìí, ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?"

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé kí wọ́n wẹ màmá. Obìnrin Haúsá kan ládùúgbò, tí kò gbọ́ Yorùbá, ló wẹ ìyá mi. Ọjọ́ kejì ni bàálù tó gbéra: wákàtí kan àbọ̀ géérégé, kò lé, kò dín. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Gèlè náà ló fà lé mi lọ́wọ́, ìdajì ọṣẹ ló kù níbẹ̀. Ó wà nínú àpótí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàá lókèèrè, ẹ má fi ìrìn bàálù ka ọ̀nà. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí tẹ́ ẹ ti ń wí pé ẹ̀ ń bọ̀, ibẹ̀ lọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdájí òní ni wọ́n di ẹrù. Síkírá kúnlẹ̀, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wákàtí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má sọ iye wákàtí fún mi mọ́. Ọjọ́ wo ni?"

Ó fi ìka ka ọjọ́. "Sátidé tó máa parí oṣù tó ń bọ̀, Màmá."

Mo ní kí ọmọ rẹ̀ àgbà bá mi fàmì sí i lára kàlẹ́ńdà, kí n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.