Èmi Ni Mo Yí Òfin Àwọn Ẹlẹ́pò Padà

Ẹ̀yin tí n kò mọ̀, tí ẹ kò sì mọ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ṣáájú ogun òyìnbó. Mo ti jẹun lé e lórí, mo ti sùn lé e lórí, mo sì ti gbéyàwó lé e lórí. Kò dà nínú mi.

Tíṣà kan ní Àgọ́-Ìwòyè ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi tirẹ̀ kún un. Nítorí ohun tí èmi kò ṣe nìyẹn nígbà tí àwọn àgbà ìlú wa rán mi níṣẹ́.

Ohun tó mú kí n sọ ọ́ báyìí ni ìkómọ tí a ṣe nílé mi láìpẹ́ yìí. Ìyàwó mi bí ọmọbìnrin kan fún mi, ọmọ náà sì dára bí ẹyin. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ló wá bá wa yọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ kún ilé, ẹja kún ilé, àwọn obìnrin ẹlẹ́pò kọrin títí ohùn fi há wọn lọ́fun.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà méjì kan wà ní ìjókòó, Baba Òdúbánjọ àti Baba Ògúnṣẹ̀san. Wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, wọn a sì máa bu òkèlè nínú àwo kan náà. Èmi ni mo tú wọn ká. Wọ́n gbé ọmọ mi fún ẹnì kìíní, ó gbàdúrà fún un. Dípò kó gbé e fún ẹnì kejì, ó dá a padà fún ìyá rẹ̀. Mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àkéde ìlú ni mí. Iṣẹ́ baba mi ni. Bí àwọn àgbà bá ti ṣòfin tán, wọn a pè mí wọlé, wọn a sọ ọ́ fún mi, èmi náà a gbé agogo, èmi a sì máa kéde rẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Baba mi máa ń sọ fún mi pé àkéde kò ní ẹnu tirẹ̀, ẹnu ìlú ló yá lò.

Nígbà yẹn, ilé tẹ́tẹ́ kan wà ní Ojowo. Baba Ògúnṣẹ̀san ló ni ín. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń da owó ẹyọ sílẹ̀, tí wọ́n ń wo èyí tó dojú dé àti èyí tó ṣíjú sókè. Àwọn àlejò ń wá ta níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú náà ń wá. Ẹlòmíràn a wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù, a sì jáde ní ìhòòhò àyà.

Èmi náà wà lára wọn. Èyí gan-an ń tì mí lójú. Mo ta aṣọ òkè tí baba mi fi sílẹ̀ fún mi sínú tẹ́tẹ́, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá béèrè aṣọ náà lọ́wọ́ ìyá mi, yóò ní mo tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ìgbéyàwó mi. 

Bí ilé tẹ́tẹ́ ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ni bodè wà lọ́nà Òrù. Àwọn obìnrin wa máa ń ru epo gba ibẹ̀ lọ sí Ìwòpin ní etí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń rà á lọ́wọ́ wọn. Owó bodè wà lórí ìkòkò ńlá, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìkòkò kékeré kì í san. Àwọn opó àti àwọn abiyamọ ló ń ru ìkòkò kékeré. Òun ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà.

Ó wá di ọdún kan, ìlú ń fẹ́ owó láti fi tún odi ṣe, nítorí ìròyìn ogun ti ń rìn kiri. Àwọn àgbà jókòó láti wo ẹni tí yóò san àti ẹni tí kò ní san. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Baba Ògúnṣẹ̀san ní kí ilé tẹ́tẹ́ má san nǹkan kan, kí wọ́n sì máa ṣí i lójoojúmọ́, torí ó ń fa àlejò wọ̀lú, àlejò ló sì ń ra oúnjẹ. Ó ní kí ìkòkò kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í san.

Wọ́n ké sí Ìyá Abíọ̀nà, olórí àwọn ẹlẹ́pò, kó wá sọ tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin baba wa, ẹni tó ń jókòó da owó ẹyọ kò ru nǹkan kan. Ọrùn tiwa ló ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí tẹ́tẹ́ san, kó sì mọ sí ọjọ́ ọjà, kí àwọn ọkọ wa lè rí ọ̀nà oko. Ẹ fi ìkòkò kékeré sílẹ̀ fún wa."

Wọ́n ní kó máa lọ. Baba Òdúbánjọ ni olórí ìjókòó. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ó bojú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbà fún un. Àwọn yòókù náà gbà, àfi àgbà kan tó ti sùn lọ lórí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Lọ kéde: tẹ́tẹ́ kò ní san, ojoojúmọ́ ni yóò máa ṣí. Ìkòkò kékeré yóò san."

Mo gbé agogo. Mo dé oríta Ojowo. Àwọn ẹlẹ́pò ti kó ara wọn jọ síbẹ̀, ẹrù wọn wà nílẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó, ṣùgbọ́n kò wo ibi tí mo wà rí. Lọ́jọ́ náà, ó wò mí.

Mo lu agogo. Mo ya ẹnu. Mo ní, "Ará ìlú, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí. Ilé tẹ́tẹ́ yóò máa san, ọjọ́ ọjà nìkan ni yóò sì máa ṣí. Ìkòkò kékeré kò ní san."

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti máa ń sọ fún ara mi pé ahọ́n mi ló ṣì. Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Àánú àwọn opó wà níbẹ̀. Ìbínú aṣọ baba mi wà níbẹ̀. Ojú Ẹfúnyẹmí náà sì wà níbẹ̀. N kò lè sọ fún yín èwo ló pọ̀ jù.

Ìlú dàrú fún ayọ̀. Àwọn obìnrin so ọ̀já mọ́dìí, ijó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Abíọ̀nà tí ń fi ọ̀pá rìn ju ọ̀pá náà sílẹ̀, ó sì jó lọ tààrà sí ilé Baba Òdúbánjọ. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e pẹ̀lú epo, pẹ̀lú iṣu, pẹ̀lú adìyẹ. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé baba tó ṣàánú opó, orí rẹ̀ kò ní burú.

Mo sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ wò. Baba náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò mọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi ń yìn ín. Nígbà tó yá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè, ó súre fún wọn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀. Baba Òdúbánjọ béèrè pé, "Kí ni a ní kí o kéde?"

Mo ní, "Ohun tí ẹ ní kí n sọ ni mo sọ, baba."

Wọ́n ń wo ara wọn. A ń gbọ́ orin àwọn obìnrin láti ìta. Kò sí ẹni tó fẹ́ jáde lọ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà tó sùn ní àná gbé orí sókè, ó ní, "Mo rántí dáadáa. Bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn." Àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ẹlòmíràn tilẹ̀ ní òun ló kọ́kọ́ dá àbá rẹ̀.

Baba Ògúnṣẹ̀san nìkan ló dìde. Kò bá mi wí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí. "Òdúbánjọ, o gbà fún mi lójúkojú, o wá rán àkéde ní ìkọ̀kọ̀. Kí a má jọ jẹun mọ́."

Baba Òdúbánjọ wò mí pẹ́ títí. Mo dojú bolẹ̀.  Ó jẹ́ kí ẹ̀bi mi dúró sí ọrùn òun.

Ayé wá yí. Ogun dé, ó lọ. Òyìnbó pa owó bodè rẹ́ lórí ìkòkò ńlá àti kékeré. Ilé tẹ́tẹ́ ti wó, koríko ti hù níbẹ̀. Ẹfúnyẹmí di ìyàwó mi, ó sì jẹ́ ìyàwó tó ń mú inú ẹni dùn. Kò sí ohun tí à ń jà lé lórí mọ́, síbẹ̀ ìjà àwọn baba náà kò parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìkómọ, mo lọ bá Baba Òdúbánjọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́. Baba rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ó ní, "Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Ẹnu mi ni mo fi rán ọ."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ, baba?"

"Bí mo bá sọ, òfin burúkú yẹn ni yóò padà. Ojú ti ń tì mí kí o tó dé oríta. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni o ṣe. Ṣùgbọ́n Ògúnṣẹ̀san ń wù mí í bá jẹun. Lọ sọ fún un."

Mo lọ. Baba Ògúnṣẹ̀san gbọ́ mi dé òpin. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, òfin náà burú, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ṣùgbọ́n àkéde tó yí òfin sí rere lónìí, ta ni yóò dá a lẹ́kun bó bá fẹ́ yí i sí ibi lọ́la?"  Òtítọ́ ni.

Ó wá dé fìlà, ó jáde. Èmi tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó wọ ilé Baba Òdúbánjọ láìkan ilẹ̀kùn, ó ní, "Kí lẹ sè?" Baba Òdúbánjọ sún àwo rẹ̀ sí àárín. Àwọn méjèèjì jẹun, wọ́n ń bú mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo lọ sunkún lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹfúnyẹmí. Ó gbọ́ ti aṣọ baba mi, ó bínú. Ó gbọ́ ti ojú tó fi wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eṣinṣin ló bà lé mi níwájú orí lọ́jọ́ yẹn, òun ni òun ń wò.

Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí n kéde ẹ̀ṣẹ̀ mi fúnra mi yí ìlú ká, kí ojú lè tì mí, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe irú rẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́pò ti gbọ́. Ìyá Abíọ̀nà ti ní gbogbo wọn yóò tẹ̀ lé mi, wọ́n ti ń dá orin. Wọ́n ní bí mo bá ti jẹ́wọ́ ní oríta kan, àwọn yóò jó dé oríta kejì. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, nítorí ẹnu ìlú ni mo lò bí ẹni pé tèmi ni. Ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi bó ti tọ́ àti bó ti yẹ. Báwo ni ojú yóò ṣe máa ti ènìyàn láàárín àwọn tó ń jó yí i ká?