Ohùn Tí N Kò Jẹ́ Kó Kọjá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí ọkàn mi tó tún yí padà. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú àwọn tí mo ṣẹ̀, síbẹ̀ àyà mi kò tíì balẹ̀. Ó kù kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. N kò sùn wọra mọ́. Bí fóònù bá dún, àyà mi á là gààrà. Bí mo bá rí ẹnì kan nínú ẹbí Alájì Mùstàfá lọ́nà Ring Road, màá sáré sọdá sí òdìkejì títì bí olè. Àwọn kan ní Àgbowó, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, rò pé iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn. Kì í ṣe iṣẹ́. Mo ṣẹ òkú, mo ṣẹ alààyè, mo sì tún jókòó jẹun nílé wọn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

Abdulmojeed lorúkọ mi. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi: èyí tó ń fà bí ìgbín, èyí tó ń gbóná, èyí tí ọmọ yunifásítì da tíì sí. Nígbà tó yá, mo fi iṣẹ́ mìíràn kún un. Mo máa ń gbé yìgì, wòlímọ̀ àti ìsìn ìdúpẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, kí àwọn ará ilé tó wà lókè òkun lè máa wò ó. Mo mọ iṣẹ́ náà, n kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ parọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń lọ́ra láàárín ètò, màá ti gbogbo ohun tí kò wúlò lórí rẹ̀ pa, màá dín àwòrán kù kó lè fúyẹ́, màá to píọ́ wọ́tà tó tutù sínú tíréè, màá fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó, màá wá gbé kọ̀ǹpútà lé e kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, màá fi fóònù kejì gba òmíràn. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé, "Ti Mojeed kì í já." Ọ̀rọ̀ yìí ló bà mí jẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ẹ̀wù tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Kó má baà já lóòótọ́, mo ń dá ọgbọ́n kan tí àwa púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ń dá. Bí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀, a óò gba fídíò kékeré kan pa mọ́, níbi tí àwọn ènìyàn jókòó wọ̀ọ̀wọ̀. Bí nǹkan bá fẹ́ dàrú, a óò fi fídíò náà dípò ojúlówó, nítorí ó fúyẹ́, kò sì ní dá kọ̀ǹpútà lágara. Ẹni tó wà lókè òkun á rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ lòun ń wò. Sítáńbáì là ń pè é. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín láàárín ara wa, àwa ọlọ́gbọ́n.

Alájì Mùstàfá ní ilé ńlá kan ní Challenge. Mujeebat, ọmọ wọn obìnrin, fẹ́ Akínbíyì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà, láì gba àṣẹ wọn, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà. Alájì ní òun kò bí i mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àìsàn dá bàbá náà wólẹ̀, ìyàwó wọn, Alájà Zùwáírátù, bẹ̀ wọ́n títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. Alájì wá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ojú gbogbo ayé ló ti tàbùkù mi. Ojú gbogbo ayé ni kó ti bẹ̀ mí, màá sì yàfà fún un lójú gbogbo ayé." Ẹ̀yin mùsùlùmí mọ̀ pé yàfà kì í ṣe ohun à ń rò sínú. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, ẹni tó jẹ̀bi á sì gbọ́ ọ, kí ọrùn rẹ̀ tó mọ́. Wọ́n fi í sí ọjọ́ wòlímọ̀ Nabeelah, ọmọ ọmọ wọn, nígbà tí gbogbo ẹbí yóò pé sílé. Bọ̀dá Suraju, àkọ́bí Alájì, ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Mojeed," wọ́n ní, "ó ju wòlímọ̀ lọ o. Ara Bàbá ò le mọ́. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó já." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó kan ní Bódìjà, ìyàwó náà sì ti ń pè mí ní àpèìsinmi pé òun fẹ́ fídíò òun. Mo bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa to fídíò ìyẹn pọ̀ lábẹ́lẹ̀, bí mo ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kan náà ṣe iṣẹ́ ilé Alájì. Bí oníbàárà bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ràkúnmí o!" Èmi tí mo mọ̀ ọ́n wí ni mo ṣe é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Nabeelah ka Kùránì, àwọn ènìyàn ń ké Allāhu Akbar. Ìyàwó ilé kan gbé sóbò wá fún Alájì. Wọ́n mi orí, wọ́n fọwọ́ tì í sẹ́yìn, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí àìsàn ti gba ìtọ́wò lẹ́nu wọn. Ìmọ́lẹ̀ bá ojú wọn mu dáadáa ní àkókò náà, ni mo bá gba ibẹ̀ fún sítáńbáì. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Mujeebat fi máa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tí a gbé síwájú Alájì, kọ̀ǹpútà mi ti ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Àwòrán tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ̀ pé bí mo bá dá iṣẹ́ Bódìjà dúró, ara rẹ̀ á yá lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí mo bá dá a dúró, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní yóò gbé e. Kò gbé e. Mujeebat ti kúnlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó borí, ojú rẹ̀ ti wú. "Bàbá mi, èmi Mùjí ni o. Mo ṣẹ̀ yín. Mi ò gbọ́ràn, mo sì lọ láì dágbére. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàfà fún mi." Ohùn rẹ̀ ń wọlé ketekete, ohùn ọmọ kékeré kan sì ń bá a wọlé láti ẹ̀yìn. Ó wá ní, "Bàbá, mi ò rí yín dáadáa mọ́ o, ẹ ti gan sójú kan." Bọ̀dá Suraju yíjú sí mi. Gbogbo ọgbà yíjú sí mi, èmi tí tèmi kì í já. Mo tẹ sítáńbáì.

Ibí yìí ni kí ẹ ti máa bú mi. Bí Mujeebat bá ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, tí ẹnu bàbá náà kò sì mì nínú àwòrán, yóò mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Nítorí náà, mo pa ohùn wa. Ohùn kì í wúwo. Ká ní mo pa àwòrán, tí mo fi ohùn nìkan sílẹ̀, ohùn ìbá kọjá láìsí wàhálà. Mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ mi ni. Àwòrán ni mo yàn, nítorí àwòrán ni ayé fi ń yìn mí. Alájì ń sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin ń sunkún, èmi sì tẹrí mọ́ kọ̀ǹpútà, mò ń ti èyí pa, mò ń ṣí ìyẹn, mò ń bá fóònù kejì jà. Ohun tí Mujeebat ń rí ní Kánádà ni bàbá rẹ̀ tó mi orí, tó fọwọ́ ti nǹkan sẹ́yìn, tó sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Fídíò náà kúrú. Bó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó tún kọ̀ ọ́, ó tún kọ̀ ọ́. Mo gbọ́ tó ké pé, "Háà, Bàbá mi!" Lẹ́yìn náà, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Òun ló pa fóònù rẹ̀.

Alájì ń wo tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n ń dúró. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọmọ, ṣó gbọ́?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi ọmọ ìyá mi, mo ní, "Ó gbọ́, Bàbá. Ó gbọ́ dáadáa kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ. Ti Kánádà ló já, kì í ṣe tiwa." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kánádà náà!" Alájì ní Alhamdulillahi, wọ́n fara ti àga wọn. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo bọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alájì kú. Bọ̀dá Suraju pe Mujeebat, wọ́n ní, "Ṣebí Bàbá ti yàfà fún ẹ, kí ló dé tó ò tiẹ̀ pè?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tàn mí. Ojú mi ló ṣe." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn ẹbí gbaná jẹ. Wọ́n ní aláìmoore ni, a dárí jì í tán, ó tún ń pe òkú ní òpùrọ́. Kò wá síbi òkú, kò sì sẹ́ni tó tún pè é. Èmi ni ó pè. "Bọ̀dá Mojeed, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fídíò ọjọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi. Bí bàbá mi bá sọ ọ́ lóòótọ́, etí ara mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ." Mo ní màá wò ó.

Fídíò náà wà. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé mo pa ohùn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ti gbà sórí káàdì rẹ̀. Mo ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà, mo sì rí i níbẹ̀. N kò ṣí i. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn Alájì, ọwọ́ mi kò ní gbé e mọ́. Mo ń rò ó pé bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àṣírí sítáńbáì á tú, orúkọ mi á di yẹ̀yẹ́ láti Ṣàngó dé Òjòó. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi kò fẹ́ kú, n kò sì fẹ́ ẹ̀sín. Mo nu káàdì náà mọ́ féú. Kò sí ẹni tó rán mi, kò sí èṣù kankan níbẹ̀, èmi ni. Mo wá kọ̀wé sí i pé káàdì ti bàjẹ́. Ó dá mi lóhùn: "Kò burú, bọ̀dá. Ẹ ṣé. Bóyá Bàbá náà ò fẹ́ kí n gbọ́ ni."

Nígbà tí àdúà ogójì ọjọ́ pé, èmi kan náà ni wọ́n tún pè. N kò lè kọ̀, kí wọ́n má baà fura. Alájà Zùwáírátù fúnra wọn ló ní kí wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún mi nídìí iṣẹ́. "Jẹun, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ìwọ lo jẹ́ kí bàbá Suraju gbọ́ ohùn ọmọ wọn kí wọ́n tó lọ. Ìwọ náà ò ní pàdánù ohùn tó o fẹ́ràn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrẹsì náà. Mo wo kọ̀ǹpútà, mo sì rí orúkọ Mujeebat láàárín àwọn tó ń wò wá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà níbẹ̀.

Bí áfà ṣe ṣàdúà tán, mo gba máìkì, mo bọ́ síwájú kámẹ́rà ara mi, mo kúnlẹ̀, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bọ̀dá Suraju fa ọrùn ẹ̀wù mi. "O ní kí lo ṣe?" Alájà ní, "Suraju, fi í sílẹ̀, jẹ́ kó parí ẹ̀." Mo parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wá yọ lójú kọ̀ǹpútà, láti ọ̀dọ̀ Mujeebat: "Kí ni bàbá mi sọ? Ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Mo ka ìbéèrè náà síta. Lọ́jọ́ náà, kọ̀ǹpútà ni mo ń gbọ́. Káàdì náà, n kò ṣí i. Ohùn tí mo pa rẹ́ kúrò láyé, n kò gbọ́ ọ rí. Mo ní, "N kò mọ̀," mo sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Alájà ló dìde nínú aṣọ opó wọn, wọ́n fa àga síwájú kámẹ́rà. "Mùjí, màmá ẹ nìyí. Bàbá ẹ ní, 'Mo yàfà fún ẹ láyé, mo yàfà fún ẹ lọ́run. Kì í ṣe ìbínú ló dá mi dúró látọjọ́ yìí, ojú ló ń tì mí láti kọ́kọ́ pè ẹ́.' Wọ́n wá ní, 'Ọmọ kékeré tí mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn ẹ yẹn, kí lẹ sọ ọ́?' Wọ́n dúró kó o dáhùn, Mùjí. Lórí ibùsùn tí wọ́n kú sí, wọ́n tún bi mí pé ṣé o ti sọ orúkọ ọmọ náà. Mo ní o máa pè."

Ìdáhùn wọlé. Orúkọ kan péré ni: Iremidé. Mo kà á síta. Alájà dìde, wọ́n rìn lọ sí igun ọgbà níbi tí wọ́n sin ọkọ wọn sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà. "Bàbá Suraju," wọ́n ní, "Iremidé ló ń jẹ́ o."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá mi ṣiṣẹ́, n kò ní ọgbọ́n mìíràn tí mo fẹ́ fi kọ́ yín. Bí kọ̀ǹpútà yín bá kú, ẹ sọ pé ó kú. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ jẹ́ kó já, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀ pé ó já. Wọn yóò tún ara wọn pè. Mujeebat, o kò tíì sọ nǹkan kan fún mi láti ọjọ́ náà, n kò sì dá ọ lẹ́bi. Mo jẹ ọ́ ní ohùn bàbá rẹ, n kò sì ní ibi tí mo ti lè rí i san. Bó bá dọjọ́ kan tí ọkàn rẹ gbà á, jọ̀ọ́, yàfà fún mi. Ohùn nìkan tó.